Fífẹ́ Ìyàwó fún Ọmọ àti Ìgbàgbọ́ nínú Ìtọ́sọ́nà Ọlọ́run: Àyẹ̀wò Ìtàn Isaaki àti Rebeka

Ìfáárà

Kì í ṣe ohun tuntun ní àwùjọ Yorùbá pé kí òbí fẹ́ ìyàwó fún ọmọ. Kí ẹ̀sìn Ìgbàgbọ́ àti ẹ̀kọ́ ìwé tó dé, àwọn àgbà ni ó máa ń fojú sóde, tí wọ́n ń rán alárenà, tí wọ́n ń ṣe ìwádìí ìdílé, tí wọn a sì bi Ifá léèrè kí wọ́n tó gbà pé ọ̀rọ̀ ti yanjú. Ìdí nìyí tí orí 24 nínú ìwé Jẹ́nẹ́sísì kò fi ṣe àjèjì sí etí àwọn baba wa nígbà tí Bíbélì, tí gbogbo rẹ̀ jáde ní èdè Yorùbá ní 1884, bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé. Bàbá tí ó ń wá aya fún ọmọ rẹ̀, ìránṣẹ́ tí ó rin ìrìn àjò nítorí rẹ̀, àmì tí ó béèrè lọ́wọ́ Ẹni tí ó ju ènìyàn lọ, ẹ̀bùn tí a kó kalẹ̀ níwájú àna: gbogbo rẹ̀ jọ ohun tí a ti mọ̀.

Ohun tí ó bá sì jọ ohun tí a ti mọ̀ ni a máa ń tètè kà kọjá. A ti gbọ́ bí àwọn òbí kan ṣe ń fi ìtàn yìí mú ọmọbìnrin wọn wọ ilé ọkọ tí kò fẹ́, tí wọ́n ń sọ pé Rebeka kò mọ Isaaki rí kí ó tó fẹ́ ẹ. A tún ti gbọ́ nípa ọ̀dọ́mọkùnrin, tàbí aríran tí ó ń ṣojú fún un, tí yóò sọ fún ọmọbìnrin pé Ọlọ́run ti fi í hàn gẹ́gẹ́ bí aya òun, tí ọmọ náà kò sì ní mọ bí yóò ṣe kọ̀ láìdà bí ẹni tí ó kọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ìtàn náà kò ti èyíkéyìí nínú méjèèjì lẹ́yìn. Ìgbàgbọ́ nínú ìtọ́sọ́nà Ọlọ́run wà nínú rẹ̀, ó sì jinlẹ̀ gidigidi. Síbẹ̀, ìgbàgbọ́ náà fi àyè sílẹ̀ fún ìwádìí, fún ìjíròrò ìdílé, àti fún kí ọmọbìnrin sọ pé òun kò lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ni ó ń ka Yorùbá pọ̀ mọ́ Ìmọ̀ Ẹ̀sìn Kristẹni, àwọn náà ni yóò sì fi àṣà ìgbéyàwó àti ìtàn Rebeka kọ́ ọmọ ẹlòmíràn. Ó yẹ kí wọ́n mọ ohun tí ó wà nínú ìtàn náà ní ti gidi.

Ìbúra tí ó ní àyè nínú

Orí 24 ni ó gùn jù lọ nínú ìwé Jẹ́nẹ́sísì. Ẹsẹ 67 ni ó ní. Sara ti kú, Abrahamu sì ti di arúgbó. Ó pe ìránṣẹ́ rẹ̀ tí ó dàgbà jù nínú ilé, ẹni tí ó ń ṣe àkóso gbogbo ohun tí ó ní, ó ní kí ó fi ọwọ́ sí abẹ́ itan òun kí ó sì búra. Ohun tí ó búra lé lórí ni pé kò ní fẹ́ ọmọ Kenaani fún Isaaki, bí kò ṣe pé yóò lọ sí ilẹ̀ àwọn ìbátan Abrahamu láti wá aya fún un. (Àwọn oníwàásù máa ń pe ìránṣẹ́ yìí ní Elieseri. Orúkọ yẹn wà ní orí 15, ṣùgbọ́n kò sí orúkọ kankan fún un ní orí 24. Alárenà tí kò fi orúkọ ara rẹ̀ síwájú ni.)

Kí ìránṣẹ́ náà tó búra, ìbéèrè kan ni ó bi ọ̀gá rẹ̀. Kò béèrè iye ẹ̀bùn tí yóò kó lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò béèrè bí ọ̀nà ti jìn tó. Ó béèrè pé bí obìnrin náà kò bá fẹ́ tẹ̀ lé òun ńkọ́? Ṣé kí òun mú Isaaki padà lọ sí ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ ti wá? Abrahamu kọ èyí pátápátá. Ó ní Ọlọ́run tí ó mú òun kúrò ní ilé bàbá òun yóò rán áńgẹ́lì rẹ̀ ṣáájú ìránṣẹ́ náà. Lẹ́yìn èyí ni ó wá sọ ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò: bí obìnrin náà kò bá fẹ́ tẹ̀ lé e, ìránṣẹ́ náà bọ́ lọ́wọ́ ìbúra.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí. Abrahamu ni Bíbélì ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí àwòkọ́ṣe ìgbàgbọ́. Ó dá a lójú pé áńgẹ́lì ń lọ níwájú. Síbẹ̀, nínú gbólóhùn kan náà tí ó ti dárúkọ áńgẹ́lì, ó ṣe ètò sílẹ̀ fún bí obìnrin bá kọ̀. Lójú rẹ̀, áńgẹ́lì kì í ṣe ọlọ́pàá tí a rán lọ mú ènìyàn wá. Bí ìtọ́sọ́nà Ọlọ́run bá túmọ̀ sí pé kò sí ẹni tí ó lè sọ pé òun kò fẹ́, ọ̀rọ̀ ìtúsílẹ̀ yẹn kò ní ìtumọ̀ kankan.

Àmì tí ó wà létí omi

Ìránṣẹ́ náà kó ràkúnmí 10, ó gba ọ̀nà Mesopotamia lọ sí ìlú Nahori. Ìrọ̀lẹ́ ni ó dé ibẹ̀, ní àsìkò tí àwọn obìnrin ń jáde lọ pọn omi. Ó gbàdúrà, ó sì béèrè àmì: ọmọbìnrin tí òun bá tọrọ omi lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó sì fi kún un pé òun yóò fún àwọn ràkúnmí náà ní omi, ni kí ó jẹ́ ẹni tí Ọlọ́run yàn fún Isaaki.

Kí a tó mọ ohun tí àmì yìí jẹ́, ó yẹ kí a wo iṣẹ́ tí ó wà nínú rẹ̀. Ràkúnmí tí òùngbẹ ti gbẹ dáadáa lè mu omi tí ó tó 100 lítà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ká tilẹ̀ ní 60 lítà péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan mu, 600 lítà ni ràkúnmí 10 yóò mu. Bí ìkòkò Rebeka bá gba lítà 15, yóò sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi omi nígbà 40, yóò sì gòkè padà nígbà 40, nítorí pé ìtàn náà sọ gbangba pé ó ń sọ̀ kalẹ̀ ni, ó sì tún ń gòkè. Ó sì ń sáré ṣe é. Nítorí àlejò tí kò mọ̀ rí ni, àwọn ọkùnrin tí ó bá àlejò náà wá sì wà níbẹ̀. (Àwọn awalẹ̀pìtàn ní ọ̀rọ̀ tiwọn lórí ràkúnmí inú ìtàn yìí. Ìwádìí kan tí ó jáde ní 2013 láti àfonífojì Arafa fi hàn pé ìparí ọ̀rúndún 10 ṣáájú ìbí Kristi ni ràkúnmí ilé tó wọ́pọ̀ níbẹ̀, èyí tí ó mú kí àwọn onímọ̀ kan gbà pé a kọ ìtàn náà sílẹ̀ ní ọjọ́ pípẹ́ lẹ́yìn Abrahamu. Ìyẹn kò yí iye omi padà.)

Nítorí náà, àmì tí ìránṣẹ́ náà béèrè kì í ṣe irú èyí tí ènìyàn ń gbà láti inú àlá tàbí láti ara ẹyẹ tí ó fò kọjá. Ìwà ni ó fi ṣe àmì. Ó mọ irú ilé tí ó ń wá aya fún: ilé Abrahamu, ẹni tí ó sáré láti inú àgọ́ lọ pàdé àlejò mẹ́ta ní orí 18. Ọmọbìnrin tí yóò bá ilé bẹ́ẹ̀ mu ni ẹni tí ó lè sáré nítorí àlejò. Rebeka lẹ́wà, ìtàn náà sì sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìránṣẹ́ kò fi ẹwà sínú àdúrà rẹ̀. Yorùbá tí ó sọ pé ìwà lẹwà yóò mọ ohun tí ó ń ṣe.

Pẹ̀lú èyí náà, àwọn rábì àtijọ́ kò gba ọ̀rọ̀ àmì yìí pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Nínú ìwé Ta'anit, tí ó jẹ́ apá kan Talmudi ti Babiloni, wọ́n ka ìránṣẹ́ náà mọ́ àwọn ènìyàn mẹ́ta tí kò béèrè bí ó ti yẹ, pẹ̀lú Saulu àti Jẹfta. Wọ́n ní bí ó bá jẹ́ pé arọ tàbí afọ́jú ni ó sọ ọ̀rọ̀ yẹn létí omi ńkọ́? Ọlọ́run ṣàánú rẹ̀ ni Rebeka fi jáde. Ní ibòmíràn nínú Talmudi kan náà, nínú ìwé Hullin, ohun tí ìránṣẹ́ yìí ṣe ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n nígbà tí wọ́n ń jíròrò irú àmì wíwò tí òfin kọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń gbọ́ tí a ń fi ìránṣẹ́ Abrahamu gbè àmì bíbéèrè lẹ́sẹ̀, ẹ jọ̀wọ́ ẹ rántí pé àwọn tí ó ni ìwé náà gan-an kọminú sí i.

Ìránṣẹ́ fúnra rẹ̀ kò sì fi àmì dípò ìwádìí. Nígbà tí Rebeka ń pọn omi, ó dákẹ́, ó ń wò ó, ó ń wá bí yóò ṣe mọ̀ bóyá Ọlọ́run ti mú ọ̀nà òun yọrí sí rere. Ó sì béèrè ọmọ ẹni tí ó jẹ́. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù níbí ni ohun tí kò ṣe. Kò sọ fún ọmọbìnrin náà létí omi pé Ọlọ́run ti fi í hàn òun. Ó fún un ní òrùka wúrà tí ó wọn ìdajì ṣékélì àti ẹ̀gbà ọwọ́ méjì tí ó wọn ṣékélì 10 (ṣékélì kan tó bí gíráàmù 11), ó béèrè bóyá àyè ìsùn wà ní ilé bàbá rẹ̀, ó sì wólẹ̀ dúpẹ́ pé Ọlọ́run ti mú òun dé ọ̀dọ̀ àwọn ìbátan ọ̀gá òun. Ọ̀rọ̀ àdúrà àti àmì, inú ilé ni ó ti sọ ọ́, níwájú bàbá àti ẹ̀gbọ́n, níbi tí àwọn àgbà lè gbé e yẹ̀ wò.

Nínú ilé Betueli

Labani, ẹ̀gbọ́n Rebeka, sáré jáde lọ pàdé àlejò. Ìtàn náà kò fi pamọ́ fún wa pé òrùka àti ẹ̀gbà wúrà ni ó kọ́kọ́ rí. Wọ́n gbé oúnjẹ kalẹ̀, ìránṣẹ́ ní òun kò ní jẹun títí òun yóò fi sọ iṣẹ́ tí a rán òun. Ó wá tún ìtàn náà sọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí a bá fi bí ó ṣe sọ ọ́ wé bí ó ṣe ṣẹlẹ̀, a óò rí i pé alárenà tí ó mọ iṣẹ́ ni. Létí omi, ó ti mú wúrà jáde kí ó tó béèrè ọmọ ẹni tí Rebeka jẹ́. Nínú ilé, ó sọ pé òun béèrè ìdílé rẹ̀ ná kí òun tó fi òrùka sí i nímú. Kò sì sọ fún wọn pé Abrahamu fi ìbínú kọ̀ kí Isaaki padà sí ilẹ̀ wọn, nítorí àna wo ni yóò dùn mọ́ nínú láti gbọ́ bẹ́ẹ̀? Ṣùgbọ́n kò yọ ọ̀rọ̀ ìtúsílẹ̀ kúrò. Ó sọ fún wọn pé òun béèrè bí obìnrin náà kò bá fẹ́ tẹ̀ lé òun, ó sì parí ọ̀rọ̀ pé bí wọn yóò bá ṣe inú rere sí ọ̀gá òun, kí wọ́n wí. Bí wọn kò bá ní ṣe é, kí wọ́n wí pẹ̀lú, kí òun lè mọ ibi tí òun yóò yà sí. Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀rí tí ó fi àmì àti àdúrà jẹ́, ó ṣì fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún wọn láti kọ̀.

Labani àti Betueli dáhùn pé láti ọ̀dọ̀ Olúwa ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, kí ó mú Rebeka máa lọ. Ipò ẹ̀gbọ́n nínú ọ̀rọ̀ yìí ti fa ìwádìí. Láàárín 1925 sí 1931, wọ́n hú wàláà amọ̀ púpọ̀ jáde ní Nuzi, nítòsí Kirkuk ní Ìráàkì, tí a kọ ní nǹkan bí ọ̀rúndún 15 àti 14 ṣáájú ìbí Kristi. E. A. Speiser tọ́ka sí àwọn àdéhùn kan láàárín wọn níbi tí ẹ̀gbọ́n ti fi àbúrò rẹ̀ obìnrin fún ọkọ, tí a sì kọ ọ̀rọ̀ obìnrin náà sílẹ̀ pé òun gbà. Kì í ṣe gbogbo onímọ̀ ni ó gbà pé Nuzi ṣàlàyé Jẹ́nẹ́sísì, àwa náà kò sì ní gbé ẹrù tí ó pọ̀ lé e. Ó kàn jẹ́ kí a mọ̀ pé ní ayé àtijọ́, gbígba ohùn obìnrin nínú ìgbéyàwó tí ẹlòmíràn ṣètò kì í ṣe ohun tí a kò gbọ́ rí.

Bíbèèrè lẹ́nu rẹ̀

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìránṣẹ́ fẹ́ máa lọ. Ìyá àti ẹ̀gbọ́n ní kí ọmọ náà lo ọjọ́ mẹ́wàá sí i. Ó kọ̀. Ni wọ́n bá ní kí wọ́n pe ọmọbìnrin náà, kí wọ́n sì béèrè lẹ́nu rẹ̀. Ẹnu gan-an ni èdè Hébérù lò níbẹ̀. Rebeka sì dáhùn pé òun yóò lọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ìdáhùn náà ní èdè Hébérù.

A kò gbọdọ̀ sọ ju ohun tí ó wà níbẹ̀ lọ. Àwọn àgbà ti fọwọ́ sí ìgbéyàwó náà ní alẹ́ àná kí wọ́n tó pe Rebeka. Ohun tí wọ́n bi í ní òwúrọ̀ ni bóyá yóò bá ọkùnrin yìí lọ lójú ẹsẹ̀. Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ ọjọ́ ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkọ. Rashi, onímọ̀ Júù tí ó gbé ní Troyes ní ilẹ̀ Faransé (1040–1105), kò kà á bẹ́ẹ̀. Láti inú ẹsẹ yìí ni ó ti fà á yọ, gẹ́gẹ́ bí àwọn rábì ṣáájú rẹ̀, pé a kì í fi obìnrin fún ọkọ láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ gbà. Ní tiwa, a gbà pé Rashi tọ̀nà, ìdí wa sì wà nínú bí a ṣe tò ìtàn náà. Ìbéèrè tí ìránṣẹ́ bi Abrahamu ní ìbẹ̀rẹ̀ ni bóyá obìnrin náà yóò fẹ́ tẹ̀ lé òun. Kò sí ẹni tí ó dáhùn ìbéèrè yẹn títí di òwúrọ̀ yìí: áńgẹ́lì kò dáhùn rẹ̀, àmì kò dáhùn rẹ̀, Labani pàápàá kò lè dáhùn rẹ̀. Ẹnu Rebeka nìkan ni ó lè tú ìbúra náà tàbí kí ó mú un ṣẹ.

Ohun mìíràn tún wà nínú ìdáhùn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣe tí ó túmọ̀ sí 'lọ', èyí tí Rebeka lò, ni Ọlọ́run lò nígbà tí ó pe Abrahamu ní orí 12 pé kí ó fi ilẹ̀ rẹ̀, ìbátan rẹ̀ àti ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀. Ohun mẹ́ta yìí náà ni Rebeka fi sílẹ̀. Isaaki, tí a ń wá aya fún, kò rin irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ rí. Rebeka ni ó tẹ ipasẹ̀ Abrahamu.

Yorùbá ní orúkọ fún ìpele yìí nínú ètò ìgbéyàwó: ìjọ́hẹn, tí àwọn mìíràn ń pè ní ìṣíhùn. 'Jẹ́ hẹn' ni ó wà nínú ọ̀kan, 'ṣí ohùn' ni ó wà nínú èkejì. Ẹnu ọmọbìnrin ni méjèèjì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn àgbà lè ti parí ìwádìí, Ifá lè ti fọre, síbẹ̀ àṣà ṣì fi orúkọ sọ ohùn ọmọ náà. A mọ̀ pé orúkọ kò dá a dúró kí a má tẹ ọ̀rọ̀ náà lójú. A ti sọ ọmọbìnrin mọ́ ọkọ láti kékeré, a ti fi òmíràn ṣe ìyàwó ọlọ́rẹ, a sì ti fi agbára mú òmíràn lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ sọ pé àṣà Yorùbá kò mọ bíbèèrè lẹ́nu ọmọ, kí ó kọ́kọ́ sọ ohun tí ìjọ́hẹn túmọ̀ sí.

Ó yẹ kí a mẹ́nu ba ọjọ́ orí Rebeka, nítorí pé àwọn kan ti fi ṣe ẹ̀rí pé a lè fi ọmọdé fún ọkọ. Rashi náà tẹ̀ lé ìṣirò àtijọ́ kan tí ó sọ pé ọmọ ọdún mẹ́ta ni. Ìṣirò mìíràn tí àwọn Júù náà mọ̀ fi í sí ọdún 14. Ìtàn fúnra rẹ̀ kò dárúkọ iye ọdún. Ẹni tí ó bá ti gbé ìkòkò omi rí yóò mọ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́ta kò lè pọn omi fún ràkúnmí 10. Ní Nàìjíríà, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 kò gba ìgbéyàwó ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, kò sì sí ohun kan ní orí 24 tí ó lè dá òfin yẹn lẹ́bi.

Nígbà tí wọ́n sọ pé ti Ọlọ́run ni

Kì í ṣe ibí nìkan ni ìwé mímọ́ ti sọ pé ìgbéyàwó kan ti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run wá. Nínú ìwé Onídàájọ́ orí 14, Samsoni rí ọmọbìnrin Filistini kan ní Timna, ó ní kí àwọn òbí òun fẹ́ ẹ fún òun. Wọ́n bi í bóyá kò rí obìnrin láàárín àwọn ènìyàn tirẹ̀. Akọ̀wé ìtàn náà sọ pé wọn kò mọ̀ pé láti ọ̀dọ̀ Olúwa ni. Ìgbéyàwó yẹn kò ju ọjọ́ àsè lọ kí ó tó túká, àwọn Filistini sì dáná sun ọmọbìnrin náà pẹ̀lú bàbá rẹ̀. Ẹni tí ó bá rò pé ohun tí ó ti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run wá gbọ́dọ̀ yọrí sí ìrọ̀rùn fún gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, kí ó lọ ka ìtàn yẹn.

Ìwé Tobiti, tí ó wà nínú Bíbélì àwọn Àgùdà, tí a sì rí àjákù rẹ̀ ní Kumrani ní 1952, jọ orí 24 gan-an. Áńgẹ́lì Rafaeli fi ara pamọ́, ó bá Tobia rìn, ó sì ṣe alárenà fún un. Tobia pẹ̀lú kọ̀ láti jẹun títí a óò fi yanjú ọ̀rọ̀ aya. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó bi Sara ọmọ Ragueli ní ohunkóhun. Ọkọ méje ti kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tí ìyá rẹ̀ mú un wọ yàrá, ẹkún ni ó sun.

Labani kan náà tí ó ní kí wọ́n béèrè lẹ́nu àbúrò òun ni ó fi Lea fún Jakọbu nínú òkùnkùn ní orí 29. A kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni béèrè lẹ́nu Lea tàbí Rakẹli. Gbogbo wàhálà tí ó tẹ̀ lé e nínú ilé Jakọbu, a mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn tí alárenà ti lọ

Bí Rebeka ti rí Isaaki nínú pápá ní ìrọ̀lẹ́, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí ràkúnmí, ó béèrè ẹni tí ó ń bọ̀, ó sì fi ìbòjú bo ara rẹ̀. Ìránṣẹ́ ròyìn ohun gbogbo fún Isaaki. Láti ibẹ̀ lọ, a kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Bí ìyàwó bá ti mojú ọkọ, alárenà a yẹ̀ba.

Ọmọ ogójì ọdún ni Isaaki ní ọjọ́ náà. Kò sí ibì kan ní orí 24 tí a ti béèrè lẹ́nu òun. Ó mú Rebeka wọ inú àgọ́ ìyá rẹ̀, ó fẹ́ ẹ, ó sì fẹ́ràn rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí Bíbélì sọ pé ọkọ fẹ́ràn aya, ìfẹ́ náà sì wá lẹ́yìn ìgbéyàwó. Kò sọ bí ìfẹ́ Rebeka sí Isaaki ti rí.

Ogún ọdún ni wọ́n fi wà láìbímọ. Bẹ́ẹ̀, àmì ti ṣẹ létí omi, áńgẹ́lì ti ṣáájú, ìdílé sì ti súre fún Rebeka pé kí ó di ìyá ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Nígbà tí oyún dé, àwọn ọmọ ń bá ara wọn jà nínú rẹ̀. Ní gbogbo ẹsẹ 67 tí ó sọ bí a ṣe fẹ́ ẹ, Ọlọ́run kò sọ ọ̀rọ̀ kan jáde. Ìránṣẹ́, Abrahamu àti Labani ni ó ń sọ ohun tí Ọlọ́run ń ṣe. Ní orí 25, Rebeka kò rán alárenà, kò sì ní kí ọkọ òun lọ bá òun béèrè. Òun fúnra rẹ̀ ni ó lọ bi Olúwa léèrè ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí òun, Olúwa sì dá a lóhùn.